Igbó tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 5 Èrèlé

Ọkọ mi pè láàárọ̀ yìí. Ó ń bọ̀ wálé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wá kí wa kó sì padà — ó ń bọ̀ pátápátá. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Inú mi dùn. Ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kó má di pé ẹ̀rù nìkan ló wà nínú ìwé yìí. Ọdún méje rèé tí mo ti fojú kan ọkùnrin náà kẹ́yìn, àfi nínú fóònù, níbi tí iwájú orí rẹ̀ kì í ti í wọ inú àwòrán tán.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó máa ń béèrè: "Oko òkè odò ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà dáadáa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ó tán ni."

Àwa wo? Èmi àti ta? Ọdún méje rèé tí ọkọ́ ti kan àárín ilẹ̀ yẹn gbẹ̀yìn. Igbó ni. Igbó gidi, tí igi rẹ̀ ga ju òrùlé ilé wa lọ.

Ìṣẹ́gun, 6 Èrèlé

Kí n kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bóyá á yéé yí mi lórí.

Oko méjì la ní. Oko etílé wà lẹ́yìn ilé yìí, mo ń rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Oko òkè odò jìnnà. Èèyàn á rìn tó wákàtí kan, á la odò kọjá. Nígbà tí ọkọ mi lọ sílùú òkèèrè, tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹja àti ẹran dídì sí, ó ku èmi nìkan pẹ̀lú oko méjì àti ọmọ tó ń ṣàìsàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ sílé ìwòsàn tí mo ń bọ̀. Mo gbájú mọ́ oko etílé. Mo gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo. Mo ń kó ìgbẹ́ adìyẹ àti pàǹtí ilé sí i. Ilẹ̀ náà gbọ́ tèmi. Ó bọ́ wa yó, ọmọ sì gbádùn, ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì báyìí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ mi béèrè oko òkè odò, ẹkún ló ń sun. Òtútù ti bó awọ ìka rẹ̀. Ó ní ohun tó ń gbé òun dìde láàárọ̀ ni pé oko bàbá òun ṣì ń mú nǹkan jáde. Kí ni kí n sọ? Mo ní mo ti ro ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó béèrè bóyá ẹ̀gẹ́ ti hù. Mo ní ó ti hù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fẹnu ro oko. Mo ti kórè níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọdún kan wà tí mo ní eku jẹ díẹ̀, kó lè jọ òótọ́.

Ọjọ́rú, 7 Èrèlé

Mo lọ wo oko òkè odò. Àṣírí — orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn.

Ìyeyè, àràbà tí kò tíì gbó, igi ọmọ, àti àwọn mìíràn tí mi ò mọ orúkọ wọn. Mo gbá ọ̀kan mọ́ra, ọwọ́ mi méjèèjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ewé tó jẹrà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó tutù. Nísàlẹ̀, létí odò, ni ìlà igbó àtijọ́ tí bàbá ọkọ mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ ń gbà wọlé, wọ́n ń yàgbẹ́ èso káàkiri.

Mo jókòó. Mo fẹ́ fi ojú ọkọ mi wò ó. Ẹ̀gẹ́ tí kò sí nìkan ni mo rí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ Aláàlà, bàbá tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Òun náà ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́fà. Ẹ̀kan ni, koríko ẹlẹ́nu ṣóṣóró yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí igi kan níbẹ̀ tó ga dé orúnkún mi. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí méjèèjì. Mi ò mọ ohun tó fà á, mi ò sì ráyè ronú sí i. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 8 Èrèlé

Mo da oúnjẹ mi fún adìyẹ. Mi ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, 10 Èrèlé

Rédíò wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú.

Ìròyìn tó gbé wá lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Àbúrò rẹ̀, ọkọ mi, ti bá ilé-iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì. Wọ́n fẹ́ gba oko òkè odò, kí wọ́n máa gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní owó tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ láti ọ̀hún. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ náà mọ́, pé à ń ro ó lọ́dọọdún. Aṣojú wọn ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé dídé rẹ̀.

Rédíò ní, "Ó ní kí n lọ bá òun ya fọ́tò ibẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó wá ń wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí.

"Ìyàwó wa, ṣé ara rẹ le?"

Mo ní ara mi le. Mo gbé ife ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ajé, 12 Èrèlé

Mo ti ṣe é. Mo lọ bá Oníkatapílà ní ibi tó máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ń fi gírísì sí i. Mo ṣàlàyé ilẹ̀ náà fún un, mi ò ṣàlàyé ìdí.

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Òun á hú gbogbo igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, òun á gbá wọn jọ sápá kan kí n dáná sun wọ́n. Lẹ́yìn náà kí n fín oògùn apakoríko.

Mi ò mọ ohun tó sún mi tí mo fi bi í pé, tí a bá tún fi sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ńkọ́, ṣé igi á tún hù?

Ó jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́. Ó ní ọdún mọ́kànlélógún lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi àdá àti ọkọ́ ro, tí wọ́n fi kùkùté sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọn ò sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù, kéèyàn fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta péré, kò ní rí ojú ọ̀nà mọ́. "Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá ti kọjá lórí rẹ̀, Màmá, gbòǹgbò ti lọ. Kí ni á wá hù? Ẹ lọ wo ti Aláàlà. Èmi ni mo ṣe é." Ó sọ ọ́ bí aránṣọ ṣe ń tọ́ka sí aṣọ tó rán.

A fi í sí Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún á wà láàárín ìgbà yẹn àti dídé ọkọ mi. Iná á ti jó tán. Màá ní mo fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dè é ni.

Ọjọ́rú, 14 Èrèlé

Ọ̀rọ̀ kùkùté yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọkọ mi kì í hú kùkùté. Tó bá gé igi, ìwọ̀n orúnkún ló máa ń gé e sí, á wá máa kọ ebè yí i ká. Ọkọ́ mi méjì ló ti kán lórí wọn. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè é. Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀, pé ilẹ̀ tí kò bá ní gbòǹgbò nínú, ẹ̀gbàrá á gbé e lọ. Tí wọ́n bá gbin nǹkan sí i fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á jẹ́ kó sinmi. Mo rò pé ọ̀nà tó ń gbà sá fún iṣẹ́ ni.

Ẹtì, 16 Èrèlé

Ọkọ mi ní kí n ya ẹ̀gẹ́ òkè odò ní fọ́tò sóun. Mo ya ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tó wà ní oko etílé. Mo yí ẹ̀yìn sí ilé kí ògiri má bàa hàn.

Àìkú, 18 Èrèlé

Ọmọ mi pè. Ó mọ̀, òun nìkan ni mo sọ fún. "Màmá, ẹ sọ fún Dádì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú." Bí ẹni pé mi ò tíì gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí ni mo ti la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀la ni katapílà ń bọ̀. Mo fọ gbogbo aṣọ tó wà nílé, àwọn tó mọ́ pàápàá.

Ajé, 19 Èrèlé

Ó dé ní aago méje. Ariwo ẹ̀rọ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé, gbogbo ẹni tó ń lọ sóko ló dúró wò ó. A gba ibi tí omi odò ti fà kọjá. Èmi ni mo ń rìn níwájú tí mo ń fọ̀nà hàn án, bí ẹni tó ń mú olè wọ ilé ara rẹ̀.

Oníkatapílà sọ̀ kalẹ̀, ó gbójú sókè wo igbó náà. "Ọdún mélòó, Màmá?" Mo ní méje. Ó mi orí, ó padà gun ẹ̀rọ rẹ̀.

Igi àkọ́kọ́ kò janpata. Ó kàn fì, ó sì lọ. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ìyeyè ńlá kan, kọ̀. Ẹ̀rọ náà fà sẹ́yìn, ó tún lọ kọ lù ú, gbòǹgbò rẹ̀ sì bá ilẹ̀ jáde pẹ̀lú ìró kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. Eruku bolẹ̀. Àwọn ẹyẹ fò lọ.

Mo lọ wo ìdí rẹ̀. Kùkùté àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì hàn, ó dàgẹ̀rẹ̀ sápá òsì, bí ọkọ mi ṣe máa ń gé igi, torí ọwọ́ òsì ló ń lò. Ara kùkùté náà ni ìyeyè yẹn ti yọ. Gbogbo àkókò yìí mo ti ń rò pé èmi ni mo sọ ibẹ̀ di igbó nítorí pé mi ò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe èmi nìkan. Òun náà ti dá igbó náà sílẹ̀ kó tó lọ, láìmọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú ẹ̀rọ. Oníkatapílà pa ẹ̀rọ náà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ pè mí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ tún wá ń dá mi dúró."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Kò bínú. Ó ní àwọn tó ń kábàámọ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n máa ń wá bá òun. Òun ò tíì rí ẹni tó kábàámọ̀ lẹ́yìn igi mẹ́ta. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Àbí kí ni mo ṣe yìí? Igi mẹ́ta wà nílẹ̀. Ipa katapílà fẹ̀ bí títì. Kò sí irọ́ tó lè bo ìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún.

Ìṣẹ́gun, 20 Èrèlé

Rédíò ti gbọ́. Ta ni kò gbọ́? Ó wá, ó jókòó, ó mu omi, ó sọ̀rọ̀ nípa ooru. Kò dárúkọ katapílà. Ó dìde, ó lọ.

Rédíò tó dákẹ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti pe ọkọ mi nìyẹn. Ó ti sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 22 Èrèlé

Ọkọ mi pè. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó béèrè bóyá ilé ìtajà ìlú wa ń ta irú kọfí kan. Mo ń wá ìbínú nínú ọ̀rọ̀ kọfí.

Àbámẹ́ta, 24 Èrèlé

Ó ti dé.

Ó rù. Irun rẹ̀ ti funfun lápá kan. Ó ń fọwọ́ di ẹ̀yìn mú kó tó jókòó; àpótí ẹja dídì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kò sì sọ fún mi rí. Ó gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn rẹ̀ ṣì ni.

Rédíò wà níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ìtàn gbogbo ẹni tó kú àti gbogbo ẹni tó kọ́lé. Kò sọ tèmi. Kí ló ń dúró dè?

Ọkọ mi ní ká sinmi lọ́la, ká lọ sókè odò ní Ọjọ́ Ajé.

Àìkú, 25 Èrèlé

Mo sọ fún un.

Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, mo ń gé irun fún un bí mo ṣe máa ń gé e tẹ́lẹ̀. Mo rò pé á rọrùn tí mi ò bá rí ojú rẹ̀. Mo ní, "Kò sí ẹ̀gẹ́ lókè odò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Mo purọ́ fún yín."

Ó ní, "Gé e tán."

Mo gé e tán. Apá kan gùn ju èkejì lọ. Ó dìde, ó gbọn irun kúrò lára aṣọ, ó wọlé.

Ajé, 26 Èrèlé

A lọ. Ó ń rìn níwájú, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó rí i, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó wọ inú rẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

Ó ń ti ìdí igi kan bọ́ sí ìdí èkejì. Ó ń fọwọ́ gbá ewé kúrò lórí àwọn kùkùté. Ó dá wọn mọ̀. "Èyí ló kán àáké mi. Èyí, ìwọ lo ní kí n hú, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí, ó bọ́ sí ìdí òmíràn.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ó dára. Mi ò ní sọ pé kò dára." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ fún wọn pé ilẹ̀ mọ́. Kí ni mo fẹ́ máa jẹ? Ṣé o rí ẹ̀yìn mi? Ilẹ̀ yìí ni mo ní kó máa bá mi ṣiṣẹ́ báyìí."

Mo tẹ̀ lé e wálé.

Ọjọ́rú, 28 Èrèlé

Àwọn báàgì ọkọ mi ṣì wà ní pálọ̀ bó ṣe gbé wọn kalẹ̀. Kò tú ọ̀kankan.

Ọjọ́bọ̀, 29 Èrèlé

Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà wá. Bàtà funfun. Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn kí erùpẹ̀ má kan bàtà náà. Mo ti rò pé tó bá rí igbó, á bínú, á lọ, ọ̀rọ̀ á tán. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní kò sí wàhálà, katapílà ilé-iṣẹ́ wà, lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sẹ̀ kan ibẹ̀ á mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́.

Mo yíjú sí ọkọ mi.

Ọkọ mi bi í pé ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ lò. Ó ní mẹ́wàá. "Tí ẹ bá wá kúrò?" Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ yín á ṣì wà níbi tó wà."

Ọkọ mi bojú wo ilẹ̀ Aláàlà, ẹ̀kan tó gbẹ, tó pupa. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣe ibẹ̀. Mo sọ ohun tí mo mọ̀: katapílà, oògùn, iná lọ́dọọdún. Aṣojú wúkọ́, ó yọ ìwé jáde. Torí pé ilẹ̀ bàbá wọn ni, ọkọ mi nìkan kò tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ó fún wọn di Ọjọ́ Ajé.

Ó wá ku Rédíò. Rédíò, tí inú rẹ̀ máa ń dùn sí ohunkóhun tí wọ́n bá fi bébà gbé wá.

Ẹtì, 1 Ẹrẹ́nà

Ọkọ mi ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Mo rí i lórí tábìlì. Kò fi pamọ́ fún mi.

Àìkú, 3 Ẹrẹ́nà

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A lọ sílé Rédíò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọkọ mi gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé. Rédíò gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yára. Ó ká a. Ó dá a padà.

"Mi ò fọwọ́ sí i."

Ọkọ mi rò pé kò yé e ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Rédíò ní, "Ó yé mi. Ìdajì ibẹ̀, tèmi ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí, torí ìwọ lò ń ro ó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n hú u."

Ọkọ mi wò mí, ó wò ó. "Ẹ ti mọ̀ pé igbó ni?"

"Láti ọdún kẹta."

Ó wá sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ilé rẹ̀ kún fún ẹni tó ń wò ó bóyá ó ń sunkún dáadáa. Lọ́jọ́ kan ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí ó fi dé ilẹ̀ bàbá wọn, ó bá igi níbi tó ti retí ẹ̀gẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Láti ìgbà náà ló ti máa ń lọ. Ó rí mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ̀yìn rìn kí n má bàa rí òun. Ẹsẹ̀ tó ní ó ń dun òun nígbà ọ̀rọ̀ fọ́tò, kò dùn ún rárá.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹnu yín kì í gba ọ̀rọ̀ dúró?"

Ó ní, "Ohun tí mò ń sọ káàkiri, ohun tí kò kàn mí ni."

Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wọ ìdílé yìí. Gbogbo ìbẹ̀rù mi lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ Rédíò ni mo kọjú rẹ̀ sí, wọ́n sì ti ń bò mí láṣìírí láti ọdún mẹ́rin. Mo ti kọ Rédíò, Rédíò, nínú ìwé yìí, mò ń pè wọ́n ní "ó" bí ẹni ń pe ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ máa kọ láti òní.

Ọkọ mi jókòó pẹ̀lú ìwé náà lórí itan rẹ̀. "Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní ọmọ wa. Oníkatapílà. Aláàlà.

"Ó wá jẹ́ pé èmi nìkan ni mi ò mọ̀." Ó dìde, ó dá rìn lọ sílé.

Ìṣẹ́gun, 5 Ẹrẹ́nà

Ọkọ mi ti sọ fún Aṣojú pé kò ṣeé ṣe. Ilẹ̀ bọ́ nínú ìyẹn. Èmi ni mi ò tíì bọ́.

Lónìí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń béèrè irọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún, láìgbé ohùn sókè.

"Ọdún kejì, tí o ní òjò pọ̀ jù?"

Mo ní òótọ́ ni òjò, ẹ̀gẹ́ ni irọ́.

"Ọdún kẹrin, tí eku jẹ ẹ́?"

"Irọ́ ni."

"Mo ra páńpẹ́ mẹ́fà ránṣẹ́."

"Wọ́n wà lókè àjà. Mi ò tíì tú wọn."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ohun mìíràn. Ó ní, "Mo fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán mi lọ ra páńpẹ́ yẹn. Nínú òjò dídì." Àwọn òru tí mo ti rò pé mò ń dáàbò bò ó, mi ò ronú rí pé òun náà ń ṣe wàhálà lórí irọ́ mi.

Ó béèrè bóyá kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ohun tí mo sọ nípa oko náà.

Mo ronú. Mo ní, "Ààlà. Tí mo bá ní mo ti lọ ro, ààlà ni mo máa ń ro. Lọ́dọọdún, kí Aláàlà tó dáná sun ẹ̀kan rẹ̀, mo máa ń ro etí ilẹ̀ wa títí ó fi mọ́ roro, kí iná má bàa wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń gbà mí."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó lọ sínú oko etílé, ó ń wo bí mo ṣe gbin ẹ̀wà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Ẹrẹ́nà

Báàgì kan ti kúrò ní pálọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó tú u ni tàbí ó gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè.

Ẹtì, 8 Ẹrẹ́nà

Aláàlà ránṣẹ́ láàárọ̀: ọ̀la ló fẹ́ dáná. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà tó máa ń dá a. Òjò ti ń ṣú, kò fẹ́ kó ká òun mọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan ààlà rárá lọ́dún yìí. Inú oṣù Èrèlé ni mo máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n orí mi kò sí níbẹ̀. Ibi tí igi mẹ́ta yẹn wó sí ti gbẹ, ó sì ṣí sílẹ̀ gedegbe sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kan. Tí iná bá fi lè wọ ibẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ dá a dúró.

Mo wá ọkọ mi láti sọ fún un. Kò sí nílé. Àdá rẹ̀ kò sí. Mo ro gbogbo ohun téèyàn lè rò.

Mo bá a lókè odò. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Ó ti ṣán bí ìdá kan nínú mẹ́ta ààlà, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣán. Ó ti wọ́ àwọn ẹ̀ka gbígbẹ ìyeyè tó wó yẹn kúrò lójú ọ̀nà iná. Aṣọ rẹ̀ tutù rin fún òógùn. Mo gbé omi fún un, mo sọ fún un pé ọ̀la ni Aláàlà fẹ́ dáná. Ó mu ún tán. Kò dúpẹ́, kò sì bínú.

Ó na ọwọ́ sí ibi tó kù. "Báwo lo ṣe máa ń fẹ̀ ẹ́ tó?"

Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún un, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Ó wò ó. Ó ní, "Lọ mú ọkọ́ rẹ wá. Kí o sì pe Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ wọn kò dùn wọ́n."

Mo sáré wálé ni. Ẹ̀gbọ́n ti ń so gèlè wọn le lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pè mí pé kí ni mò ń kọ. Aago méjì ọ̀sán ló lù. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ààlà ló kù, àwa mẹ́ta la ó jọ ro ó.